Ẹ̀yìn Ni Agbára Olóòtú Ìjọba

Ọkọ̀ ojú irin tuntun tó ń ti Èkó lọ sí Ìbàdàn máa ń dúró ní Àgbàdo, ní ibùdó tí ìjọba fi orúkọ Lateef Jákàńdè sọ. Bó bá kọjá Abẹ́òkúta tán, tó ku díẹ̀ kó gúnlẹ̀, yóò kan ibùdó Ládòkè Akíntọ́lá ní Ọmí-Àdìó, kó tó wá parí ìrìn rẹ̀ ní Mọ́níyà, ní ibùdó Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Àfi bí ẹni pé ẹni tó pín àwọn orúkọ náà fẹ́ ká máa fi ojú irin ka ìtàn. Jákàńdè jẹ gómìnà láti 1979 sí 1983 lábẹ́ irú ètò tí à ń lò títí dòní, tí ará ìlú ń dìbò yan olórí fúnra wọn, tí olórí náà sì mọ iye ọdún tí wọ́n fún òun. Awólọ́wọ̀ àti Akíntọ́lá kò mọ iye ọdún tiwọn. Prẹ́míà ni àwọn méjèèjì, olóòtú ìjọba ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn. Ilé aṣòfin ló ń gbé ẹni wọn sórí àga yẹn, òun náà ló sì lè gbé e kúrò. Àgbàdo pẹ̀lú wà lábẹ́ wọn, torí títí di oṣù karùn-ún 1967 tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, ara ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ni agbègbè Ìkẹjà, Ìbàdàn ni òfin wa ti ń wá. Ọmọ ẹgbẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì nígbà tí wọ́n dórí àga, ilé aṣòfin kan náà ni wọ́n bá lò, kòkó kan náà ló ń pèsè owó fún wọn. Síbẹ̀ ìjọba ọ̀kan di èyí tí à ń fi wọn ti àwọn tó kù títí dòní, ti èkejì parí sínú iná àti ìbọn.

Ẹ̀kọ́ nípa ìjọba ni mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama. Bí a bá bi wọ́n nínú ìdánwò pé kí ló ń mú olóòtú ìjọba ṣe àṣeyọrí, ìdáhùn wọn kì í yàtọ̀ láti ọdún dé ọdún: ó gbọ́dọ̀ gbóyà, ó gbọ́dọ̀ mọ ọ̀rọ̀ sọ, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ olóòótọ́, ó gbọ́dọ̀ ríran jìnnà. Mo máa ń fún wọn ní máàkì, torí wọn ò parọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ìwà wọ̀nyẹn ló yẹ Ààrẹ, ló yẹ ọba, ló yẹ alága ẹgbẹ́ onímọ́tò. Kò sí èyí tó jẹ́ ti olóòtú ìjọba nìkan nínú wọn. Ohun tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan ni pé kò sí ẹnì kan ní gbogbo ìlú tó dìbò fún un láti jẹ olóòtú, àfi àwọn ọmọ ilé aṣòfin ẹgbẹ́ rẹ̀. Ará àdúgbò rẹ̀ yàn án sílé bí wọ́n ṣe yan àwọn tó kù. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ wọlé ni wọ́n wá tì í síwájú. Agbára tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ lówùúrọ̀, wọ́n lè gbà á kó tó di alẹ́, láìpe ọlọ́pàá, láìfi ẹ̀sùn kan án, láìdúró de ọdún ìdìbò. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju pé olóòtú ìjọba tó bá máa ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ wà nínú ilé aṣòfin àti nínú ẹgbẹ́ tirẹ̀, tó mọ̀ pé ibẹ̀ ló wà, tó sì ń lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́ láti lọ ṣàlàyé ara rẹ̀. Èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá wà níbòmíràn, ì báà jẹ́ ọlọgbọ́n, ì báà jẹ́ olóòótọ́, àga ló ń gbé kiri, kì í ṣe ìjọba.

Àwọn ará wa tó wà ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé èyí fún wọn. Ìdìbò mẹ́ta ni Margaret Thatcher borí, ní 1979, ní 1983 àti ní 1987. Ẹgbẹ́ Lábọ̀ jókòó síwájú rẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá, wọn ò lè fọwọ́ kàn án. Nígbà tí yóò lọ ní oṣù kọkànlá 1990, àwọn tó jókòó sẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n gbé e sọ̀ kalẹ̀. Boris Johnson fi àlékún ọgọ́rin ọmọ ilé borí ní ìparí 2019. Ní oṣù keje 2022, mínísítà àti olùrànlọ́wọ́ mínísítà tó lé ní àádọ́ta kọ̀wé fipò sílẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan, ló bá di dandan kó kéde pé òun ń lọ. Liz Truss tó tẹ̀lé e kò lò ju ọjọ́ 49 lọ lórí àga. Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Kemi Badenoch, ọmọ Yorùbá tó di olórí ẹgbẹ́ wọn, Kọ̀nsáfétífù, ní oṣù kọkànlá 2024, kò lè sọ pé òun kò mọ irú ilé tí òun wọ̀. Ẹni tó bá ti ọ̀dọ̀ wa wo gbogbo èyí lè pè é ní àìdúróṣinṣin, kó ní irú ìlú wo ni wọ́n ti ń pààrọ̀ olórí bí ẹni pààrọ̀ aṣọ. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Ìbẹ̀rù àwọn ará ẹ̀yìn ló ń mú kí olóòtú ìjọba tó gbọ́n tètè gbọ́ ohun tí kò dùn ún gbọ́, nígbà tí ó ṣì ṣeé tún ṣe.

Awólọ́wọ̀ ni ẹ̀rí tó lágbára jù tí mo ní, kì í sì í ṣe nítorí àwọn ohun tí a máa ń kà lórí ìka: ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá 1959, pápá ìṣeré Líbátì. Ọ̀nà tó gbà dé ibẹ̀ ni mo ń wò. Ní oṣù keje 1952, nígbà tí wọn ò tíì máa pe olórí ìjọba ní Prẹ́míà, ni Stephen Awókòyà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, gbé àbá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ wá. Ọdún 1955 ni iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn ni wọ́n ń kọ́ ilé ẹ̀kọ́, tí wọ́n ń kọ́ àwọn tí yóò kọ́ ọmọ, tí wọ́n sì ń wá owó. Lára owó náà ni àfikún owó orí, ṣílè mẹ́wàá àti sísì, tí àgbẹ̀ tí kò tíì rí ilé ẹ̀kọ́ kankan ní abúlé rẹ̀ gbọ́dọ̀ san. Inú bí àwọn ènìyàn. Nígbà tí ìdìbò sí ilé aṣòfin àpapọ̀ dé ní 1954, ẹgbẹ́ Alákùkọ tó jẹ́ alátakò gba ìjókòó 23 ní ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ti Awólọ́wọ̀ tó ń ṣe ìjọba gba 18. Ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba fìdí rẹmi nílé ara rẹ̀! Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ wo ibí yìí dáadáa, torí ibẹ̀ ni ìdánwò olóòtú ìjọba wà. Ọ̀pọ̀ olórí ló máa ju àbá náà nù lọ́jọ́ kejì, kí àwọn ọmọ ilé má bàa sọ pé òun ló fẹ́ ba tiwọn jẹ́. Awólọ́wọ̀ kò jù ú nù, ilé kò sì lé e. Ìdí ni pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tirẹ̀ nìkan mọ́. Àwọn tó bá a jókòó, Awókòyà, Anthony Enahoro, àti J. F. Ọdúnjọ tó kọ Aláwìíyé tó sì jẹ́ mínísítà ilẹ̀, kì í ṣe ẹni tí ènìyàn lè tì síwájú bí àgùntàn. Nínú ìgbìmọ̀ àti nínú ìpàdé ẹgbẹ́ ni wọ́n ti jọ fa ọ̀rọ̀ náà tí wọ́n sì jọ gbà á. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ akèrègbè. Ní oṣù kìn-ín-ní 1955 ilẹ̀kùn ilé ẹ̀kọ́ ṣí, iye ọmọ tó wà ní kíláàsì sì fò láti 456,600 ní ọdún tó ṣáájú dé 811,432. Bàbá tó ń bínú nítorí ṣílè mẹ́wàá rí síléètì lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Ní ìdìbò ẹkùn ti 1956, nínú ìjókòó 80, Ọlọ́pẹ gba 48.

Ohun kan wà tí a kì í fi kún ìtàn yìí tó yẹ ká fi kún un, òun ni àwọn alátakò. Láti 1956 títí di oṣù kẹta 1958 tí ìjàǹbá ọkọ̀ pa á, Adégòkè Adélabú ló ń darí alátakò nílé aṣòfin Ìbàdàn, kì í sì í ṣe ẹni tí í fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sábẹ́ ahọ́n. Prẹ́míà gbọ́dọ̀ jókòó síwájú rẹ̀, kó gbọ́ ìbéèrè, kó dìde dáhùn. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá ni òṣìkà. Nínú ètò yìí kò sí àyè láti dá ẹjọ́ lẹ́yìn gbígbọ́ ẹnìkan, torí ẹnìkejì wà níwájú ẹ, ó ń pariwo. Olórí tó mọ̀ pé wọ́n máa bi òun ní ìbéèrè lọ́jọ́ Ajé kò ní fi ọjọ́ Ẹtì fọwọ́ sí ìwé tí kò kà. Ìdí nìyí tí Awólọ́wọ̀ fi nílò òṣìṣẹ́ ìjọba bíi Simeon Adébọ̀, tó lè sọ fún mínísítà lójú rẹ̀ pé owó kò tó, tàbí pé òfin kò gbà á. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ó máa ń rí níbi tí olórí kò bá ní ẹni tí yóò dáhùn ìbéèrè níwájú rẹ̀.

Wọ́n á ní kòkó ni. Wọ́n á ní ta ni kò lè jẹ́ Prẹ́míà rere nígbà tí owó kòkó ń ṣàn wọlé? Àtakò yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, mi ò sì ní fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Owó tí ìgbìmọ̀ títa ọjà oko kó jọ lórí kòkó wà lábẹ́ púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ṣe. Ìlà-Oòrùn náà dá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sílẹ̀ ní 1957, ṣùgbọ́n kò pé ọdún méjì kí wọ́n tó dá owó ilé ẹ̀kọ́ padà, tí àwọn obìnrin sì tú jáde láti fẹ̀hónú hàn ní 1958. Ẹni tó bá ní owó ni ìyàtọ̀ lè dúró lórí èyí. Ṣùgbọ́n kò lè ṣàlàyé ohun méjì. Èkíní, ìmúrasílẹ̀ ọdún tó lé ní méjì tí Ìwọ̀-Oòrùn ṣe kì í ṣe ohun tí kòkó ń so. Sùúrù ló so ó, sùúrù olórí tó dá a lójú pé àwọn tirẹ̀ yóò dúró ti òun títí iṣẹ́ yóò fi jáde. Èkejì, kòkó náà ṣì wà lórí igi nígbà tí Akíntọ́lá gorí àga. Ìjọba rẹ̀ náà ṣe ohun tó dára, torí ìgbà tirẹ̀ ni òfin Yunifásítì Ifẹ̀ jáde, ìgbà tirẹ̀ sì ni Ilé Kòkó parí ní 1965, èyí tó ṣì ń yọ lókè àwọn páànù Ìbàdàn dòní. Bí kòkó bá tó láti sọ ènìyàn di Prẹ́míà tó ṣàṣeyọrí, ìtàn ìbá ti yàtọ̀.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Ní ìparí 1959, Awólọ́wọ̀ fi Ìbàdàn sílẹ̀ lọ du ipò olóòtú ìjọba àpapọ̀. Kò rí i gbà; ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìjókòó 73, ẹgbẹ́ ti Àríwá ní 134, ó sì di olórí alátakò ní Èkó. Akíntọ́lá, igbákejì rẹ̀ nínú ẹgbẹ́, di Prẹ́míà. Ṣùgbọ́n ipò olórí ẹgbẹ́ kò kúrò lọ́wọ́ Awólọ́wọ̀. Níbí ni mo ti yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ bí mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀: òun tó mọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ pé ẹ̀yìn ni agbára Prẹ́míà ló gbé àga fún ẹlòmíràn tó sì mú ẹ̀yìn àga náà lọ. Ọba kì í pé méjì láàfin. Ọ̀rọ̀ lórí ìlànà ẹgbẹ́, lórí ìbáṣepọ̀ pẹ̀lú Àríwá, lórí ta ni yóò gba àṣẹ lọ́wọ́ ta ni, kóra jọ títí wọ́n fi ṣe ìpàdé àpapọ̀ ẹgbẹ́ ní Jos ní oṣù kejì 1962, tí Akíntọ́lá sì bínú kúrò níbẹ̀. Ní oṣù karùn-ún, ọmọ ilé 66, tó ju ìdajì lọ, fọwọ́ sí lẹ́tà sí Gómìnà, Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí, pé àwọn kò fẹ́ Prẹ́míà yìí mọ́. Ní ọjọ́ 21 oṣù náà, Gómìnà yọ ọ́, ó fi Dáúdà Adégbénró rọ́pò. Ní ọjọ́ 25, nígbà tí ilé fẹ́ jókòó láti fìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀, wọ́n ju àga, ọ̀pá àṣẹ kán, ọlọ́pàá yin tajútajú sí àwọn aṣòfin nínú ilé tí wọ́n ti ń ṣòfin. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn ni ìjọba àpapọ̀ kéde ìjọba pàjáwìrì.

Ẹjọ́ tó tẹ̀lé e ṣe pàtàkì ju ìjà náà lọ. Ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Èkó ní Gómìnà kò lè fi lẹ́tà yọ Prẹ́míà, àfi kí ilé dìbò. Ìgbìmọ̀ àwọn adájọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, tó jẹ́ òpin ẹjọ́ wa nígbà yẹn, wá sọ ní oṣù karùn-ún 1963 pé Gómìnà lè fi lẹ́tà ṣèdájọ́. Ohun tí òfin ń béèrè kò ju pé kó hàn sí i pé Prẹ́míà kò ní ẹ̀yìn mọ́. Kí ni wọ́n ṣe ní Ìbàdàn? Wọ́n tún òfin ṣe, wọ́n sì mú un ṣiṣẹ́ padà sẹ́yìn, kí ìdájọ́ Lọ́ńdọ̀nù lè di asán. Akíntọ́lá, tí wọ́n ti dá padà sórí àga láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yẹn, dúró síbẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí òfin, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe fún un mọ́. Gẹ́gẹ́ bí Prẹ́míà, ọjọ́ yẹn gan-an ni ó ti tán. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti ṣí kúrò láàárín àwọn tó dìbò fún ẹgbẹ́ tó gbé e wọlé; ó wà lọ́wọ́ àwọn Alákùkọ tó bá a dòwò pọ̀, lẹ́yìn náà, nígbà tó dá ẹgbẹ́ Dẹ́mọ̀ sílẹ̀ ní 1964, ó wà lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ Àríwá tó wà ní Kàdúná. Ẹnu rẹ̀ kò kú, ọgbọ́n rẹ̀ kò dín. Kò sí olóṣèlú Yorùbá tó mọ ọ̀rọ̀ dá bíi tirẹ̀. Ìdí nìyí tí mi ò fi gbà pé ọ̀rọ̀ dídùn ló ń sọ ènìyàn di olóòtú ìjọba tó ṣeé gbára lé. Nígbà tí wọ́n dìbò ní oṣù kẹwàá 1965, tí àwọn ènìyàn gbà pé wọ́n yí ìbò náà, kò sí ẹgbẹ́ kankan láàárín òun àti ará ìlú tó lè pẹ̀tù sí i. Wẹtíẹ̀ ló kù, epo lára ènìyàn àti iná.

Abubakar Tafawa Balewa, olóòtú ìjọba àpapọ̀ láti 1957, ni ìdákejì ìtàn yìí. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, olùkọ́ ni kó tó di olóṣèlú, àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ kò sì fi ojúkòkòrò kàn án. Ṣùgbọ́n igbákejì ni nínú ẹgbẹ́ ara rẹ̀. Ahmadu Bello, olórí ẹgbẹ́ náà, yàn láti jókòó sí Kàdúná gẹ́gẹ́ bíi Prẹ́míà Àríwá, ó sì rán igbákejì rẹ̀ sí Èkó. Ẹ fi ohun méjì wé ara wọn. Ní oṣù karùn-ún 1962, àga tí àwọn aṣòfin jù láàárín wákàtí mélòó kan tó kí Balewa fi kéde ìjọba pàjáwìrì ní Ìwọ̀-Oòrùn. Ní ìparí 1965, ilé ń jó, wọ́n ń da epo sí ènìyàn lára láti Ìbàdàn títí dé ẹ̀bá Èkó, ìjọba kan náà kò kéde ohunkóhun. Ìwà rẹ̀ kọ́ ló yí padà láàárín ọdún mẹ́ta. Akíntọ́lá ti di alájọṣe ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹni tí yóò sì sọ pé kí á fi alájọṣe sílẹ̀ kò sí ní Èkó. Ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní 1966 kó àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ, Balewa, Bello àti Akíntọ́lá.

Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń sọ pé ètò náà ti kùnà lọ́wọ́ wa, kí á má tún dárúkọ rẹ̀. Èmi kò gbà. Bí a bá wò ó fínnífínní, ìgbà tí wọ́n kọ̀ láti jẹ́ kó ṣiṣẹ́ ló dà rú. Lẹ́tà àwọn 66 ni ètò náà gan-an: ẹ̀yìn sọ̀rọ̀, Gómìnà gbọ́, adájọ́ Lọ́ńdọ̀nù gbè é. Agbára láti ìta ló wá sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Nkrumah ní Gánà tọ ọ̀nà mìíràn dé ibì kan náà. Ó jẹ olóòtú ìjọba láti 1952, ó gbé Gánà dé òmìnira ní 1957, ó sì ń dáhùn ìbéèrè nílé aṣòfin. Ní 1960 ó di Ààrẹ, ní 1964 ó sọ ẹgbẹ́ rẹ̀ di ẹgbẹ́ kan ṣoṣo. Kò sí ẹni tó lè fi lẹ́tà lé e mọ́. Ìbọn ló lé e ní 1966. Níbi tí a bá ti dí ọ̀nà tí ará ilé fi ń sọ pé ó tó, ẹlòmíràn ni yóò wá sọ ọ́.

Àpẹẹrẹ kan wà nítòsí wa tó ń dààmú mi ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ, torí ó jọ pé ó bá àríyànjiyàn mi mu, kò sì bá a mu. Ní 2024, Tógò yí ìwé òfin rẹ̀ padà sí ètò ilé aṣòfin. Ààrẹ di ẹni tó kàn ń gba àlejò. Agbára bọ́ sọ́wọ́ olórí ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà, tí ẹgbẹ́ tó pọ̀ jù nílé yóò máa yàn, tí kò sì sí iye ọdún tó gbọ́dọ̀ lò mọ́. Ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba gba 108 nínú ìjókòó 113. Ní oṣù karùn-ún 2025 Faure Gnassingbé, tó ti jẹ Ààrẹ láti 2005 lẹ́yìn bàbá rẹ̀ tó gba ìjọba ní 1967, búra fún ipò tuntun náà. Lórí ìwé, olórí yìí wà lọ́wọ́ ilé aṣòfin bí Thatcher ṣe wà. Ẹ bi mí pé nínú àwọn 108 wọ̀nyẹn, ta ni yóò kọ́kọ́ fọwọ́ sí lẹ́tà. Bí kò bá sí, a jẹ́ pé orúkọ ni wọ́n pààrọ̀. Ètò ilé aṣòfin kì í dá olórí dúró fúnra rẹ̀. Ẹgbẹ́ tí ọmọ rẹ̀ lè bá olórí sọ òtítọ́ kó sì sùn sílé ara rẹ̀ ló ń dá a dúró.

Èyí ni mo ní lọ́kàn nígbà tí ọmọ ilé aṣojú-ṣòfin 60 gbé àbá wá ní oṣù kejì 2024 pé kí Nàìjíríà padà sí ètò olóòtú ìjọba ní 2031. Owó ni wọ́n fi gbè é jù: pé ètò Ààrẹ ń náni ju agbára wa lọ, pé mínísítà tó bá jẹ́ ọmọ ilé kò nílò kí a tún san owó ẹlòmíràn. Mo fara mọ́ àbá náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí owó. Ìpínlẹ̀ Èkó wa níbí, tí Alímọ̀ṣọ́ nìkan, tí wọ́n ka ènìyàn 1,277,714 sí ní 2006, tó ìlú kan, kò ní ọjọ́ kankan nínú ọ̀sẹ̀ tí gómìnà gbọ́dọ̀ jókòó níwájú àwọn aṣojú wa kó gbọ́ ìbéèrè nípa ojú ọ̀nà tàbí omi. Ó ń lọ ka ìwé ìṣúná fún ilé, wọ́n pàtẹ́wọ́, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni ibi tí a ti máa rí àwọn ẹni ẹ̀yìn. Aṣojú tó mọ̀ pé ẹnì kan ṣoṣo ló kọ orúkọ òun sí ìwé olùdíje kò lè di ẹ̀yìn fún olóòtú ìjọba, kò sì lè mú un sọ̀ kalẹ̀. Ìránṣẹ́ tó wọ agbádá ni. Abẹnugan ilé aṣòfin Èkó ló sún mọ́ olóòtú ìjọba jù nínú gbogbo ipò tí a ní, torí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń yàn án, àwọn náà ló lè yọ ọ́. Ní ọjọ́ 13 oṣù kìn-ín-ní 2025, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn 40 yọ Mudashiru Ọ̀básá tó ń ṣojú Agége, wọ́n sì yan Mojísọ́lá Meranda, obìnrin àkọ́kọ́ tó dé ipò náà. Àwọn àgbààgbà ẹgbẹ́ pe ìpàdé, ìpàdé bí ìpàdé. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta, Meranda kọ̀wé fipò sílẹ̀, ilé kan náà sì dá Ọ̀básá padà sórí àga tí wọ́n ti yọ ọ́ kúrò.